Wíìlì skateboard: èwo ni ti ìrísí, èwo ni àbùkù láti ilé iṣẹ́?

Ẹ lè gbé ìdì wíìlì skateboard méjì kalẹ̀ kí ojú yín má rí ìyàtọ̀ kankan. Méjèèjì funfun, wọ́n kọ 52 mm sára méjèèjì, wọ́n sì kọ 99A sí i. Síbẹ̀ owó ọ̀kan lè tó ìlọ́po mẹ́ta ti èkejì. Bí èyí tó pọ́ọ́kú bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tàbí tí ó bá ń já wẹ́wẹ́ létí, ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gun skateboard máa ń sọ ni pé ìrísí rẹ̀ kò bá àwọn mu, wọ́n á sì lọ ra ìrísí mìíràn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan náà. Owó náà á tún ṣòfò. Ìrísí kì í mú kí wíìlì gbọ̀n. Bí wọ́n ṣe po ohun inú rẹ̀, bí wọ́n ṣe fi iná sè é àti bí wọ́n ṣe gé e ló ń fa irú ìyẹn. Àwọn ìṣòro kan sì tún wà tí a máa ń di ru ilé iṣẹ́, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ wa ló fà á.

Ká tó dé ọ̀dọ̀ ìrísí, ẹ jẹ́ ká yanjú nọ́ńbà méjì tó wà lára wíìlì. Èyí tó gbẹ̀yìn sí mm ni ìdábùú rẹ̀, láti etí kan dé etí kejì. Àwọn tó ń fò tó ń yí bọ́ọ̀dù lábẹ́ ẹsẹ̀ máa ń lo 50 sí 53, nítorí ó fúyẹ́, ó sì jẹ́ kí bọ́ọ̀dù sún mọ́lẹ̀. 54 sí 56 kò ní ibi tí kò lè lọ. 56 sí 60 ni ti kòtò kọnkéré àti ògiri gíga, níbi tí èèyàn ti fẹ́ kí eré pẹ́ kó tó kú. Èyí tó bá ti kọjá 60 tó sì rọ̀, ti ìrìn ojú títì ni.

Nọ́ńbà kejì ni líle, òun ló sì ń ṣi èèyàn lọ́nà jù. Dùrómítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́. Abẹ́rẹ́ kékeré kan ló wà nídìí rẹ̀ tí wọ́n máa ń tẹ̀ mọ́ wíìlì, ẹ̀rọ náà á sì ka bí abẹ́rẹ́ yẹn ṣe wọlé tó. Òṣùwọ̀n Shore A tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lò kò kọjá 100. Nítorí náà, 101A tí ẹ ń rí lára wíìlì kan, kì í ṣe ohun tí dùrómítà A lè kà jáde. Ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ fi ń sọ fún yín ni pé èyí le ju 99A tiwọn lọ. Ohun tó mú kí ilé iṣẹ́ Bones bẹ̀rẹ̀ sí í lo òṣùwọ̀n B nìyẹn. Ẹ fi 20 kún nọ́ńbà B, ẹ ó sún mọ́ ti A: 83B fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 103A. Ẹni tí kò mọ̀ lè rí 83B kó rò pé wíìlì rírọ̀ ni, kó rà á fún títì tí òkúta wẹ́wẹ́ yọrí lójú rẹ̀ bíi ti ọ̀pọ̀ àdúgbò l'Ékòó, kó wá ní wọ́n ta ayédèrú fún òun. Irú títì yẹn, 78A sí 87A ló ń fẹ́.

Ẹ wo wíìlì láti iwájú

Ìrísí kò hàn dáadáa láti ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ya àwòrán sí. Ẹ yí wíìlì kí ojú tó ń kanlẹ̀ kọjú sí yín. Ìbú rẹ̀ lápapọ̀ sábà máa ń wà ní àyíká 30 sí 34 mm, ṣùgbọ́n ibi tó ń kanlẹ̀ gan-an kéré sí i dáadáa. Ìdajì lè ti lọ sínú etí tí wọ́n gé dà sẹ́yìn. Bí ibi tó ń kanlẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, àti bí etí ṣe yí láti ibẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ìyẹn ni gbogbo ohun tí orúkọ ìrísí ń sọ.

Etí tó yípo rọra máa ń tètè jẹ́ kí wíìlì yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì ní jẹ́ kó há sí ojú ihò tàbí ìlà àárín kọnkéré. Èyí ni ilé iṣẹ́ Spitfire ń pè ní Classic, òun náà ni Bones ń pè ní V1. Tí ẹ kò bá mọ èyí tí ẹ máa mú, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Etí tí wọ́n gé gbọọrọ, tó dà sẹ́yìn láti ojú ilẹ̀ lọ sí àárín bí ojú ọ̀bẹ, ni ti Conical àti V2. Ìlò rẹ̀ hàn nígbà tí trọ́ọ̀kì, irin abẹ́ bọ́ọ̀dù tó di wíìlì mú, bá ń ha etí sìmẹ́ńtì: ẹ̀gbẹ́ gbọọrọ yẹn máa ń fara ti igun sìmẹ́ńtì náà, kò ní jẹ́ kí trọ́ọ̀kì yẹ̀. V3 tín-ín-rín, ó fúyẹ́, ó sì yára láti yọ̀. V4 fẹ̀, ó dúró ṣinṣin lórí eré. Wọ́n gé ara V5 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè fúyẹ́ láìjẹ́ pé ojú tó ń kanlẹ̀ kéré jù.

Ti longboard, bọ́ọ̀dù gígùn, yàtọ̀. Etí mímú tó ṣe igun gédégédé máa ń bu ilẹ̀ jẹ nígbà tí ẹ bá ń yà lórí eré, ó sì máa ń di ilẹ̀ mú títí di ìgbà tó bá já lójijì. Bí wọ́n bá ṣe gbé ilé bẹ́ríǹ rẹ̀, ihò tí bẹ́ríǹ ń wọ̀, sí náà ṣe pàtàkì: bó bá wà láàárín gbùngbùn, wíìlì á jẹ dọ́gba, ẹ sì lè yí i dà, bó bá sún sí ẹ̀gbẹ́ inú, ètè inú á kúrú, wíìlì á tètè yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan á tètè jẹ ju èkejì lọ. Ẹni tó ra irú èyí tó wá rí i pé ó jẹ níkèé kò rí àbùkù kankan. Ohun tí wọ́n ṣe é láti ṣe ló ṣe.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nípa etí gbọọrọ, nítorí ó ń fa ẹ̀sùn èké púpọ̀. Nítorí pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń fẹ̀ bó ti ń lọ sí àárín, bí wíìlì bá ṣe ń jẹ ni ojú tó ń kanlẹ̀ á máa fẹ̀ sí i. Wíìlì 54 mm tí ẹ rà, bó bá jẹ dé 50, kò ní máa yọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Á máa lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Urethane, ohun tó jọ rọ́bà tí wọ́n fi ṣe é, kò bàjẹ́. Ìrísí rẹ̀ ló ti di ti wíìlì onífífẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àti ibi tó ti ń bàjẹ́

Irin àti amọ̀ tí wọ́n fi nǹkan pò pọ̀ ni wíìlì skateboard ní àwọn ọdún 1960. Ti amọ̀ yìí máa ń fọ́, òkúta kékeré kan sì lè dá a dúró lójijì. Ọdún 1970 ni Frank Nasworthy rí wíìlì urethane ní ilé iṣẹ́ kan ní Purcellville ní ìpínlẹ̀ Virginia, tí wọ́n ṣe fún bàtà onítáyà. Ó gbé e lọ sí California, ó sì ń tà á lórúkọ Cadillac. Láti ìgbà náà, polyurethane, tí a ń pè ní urethane, ni gbogbo wíìlì tó dára. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni owó ti yàtọ̀.

Ọ̀nà kìíní ni dídà. Omi oògùn méjì ni: ọ̀kan ni ara urethane tí wọn kò tíì jẹ́ kó parí, èkejì ni èyí tó ń mú kó dì. Wọ́n á gbé méjèèjì gbóná, wọ́n á fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú wọn jáde, wọ́n á po wọ́n ní ìwọ̀n pàtó, wọ́n á sì dà á sínú móòdù tó gbóná tó nǹkan bí 100 dígírì. Ọ̀pá kan dúró láàárín móòdù náà. Òun ló ń fi ilé bẹ́ríǹ sílẹ̀. Bó bá ti dì tó láti mú jáde, wọ́n á tún kó o sínú ààrò fún wákàtí púpọ̀. Wákàtí 16 wọ́pọ̀ fún irú urethane kan. Lẹ́yìn náà ni léètì á máa yí i, ọ̀bẹ á sì gé ojú àti etí rẹ̀. Bí ẹ bá wo wíìlì tuntun tí wọ́n gé báyìí nínú ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó yí i ká lọ́nà kan náà.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n yọ́ ike tó jọ urethane, kí ẹ̀rọ tì í sínú móòdù, kó tutù, kó bọ́ jáde. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà. Wíìlì bọ́ọ̀dù ìṣeré ọmọdé sábà máa ń jẹ́ irú èyí. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ohun tí iná yọ́ kó tó di wíìlì, ooru tún lè mú kó rọ̀. Bí ó bá yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí eré, ooru ìfaragbá á mú kí ojú rẹ̀ rọ̀, á sì pẹlẹbẹ. Èyí tí wọ́n dà kì í padà di omi bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru tó pọ̀ jù lè ba òun náà jẹ́. Bí ẹ bá fi èékánná wá ojú wíìlì tí ẹ sì rí ìlà kan tó ga díẹ̀, tó yí i ká ní àárín tàbí tó là á láti etí dé etí, ibi tí móòdù méjì ti pàdé nìyẹn. Ó jẹ́ àmì tó yẹ kó mú kí ẹ bèèrè ìbéèrè.

Nínú dídà, ọ̀rinrin ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Omi díẹ̀ tó bá kan oògùn kìíní máa ń dá afẹ́fẹ́ carbon dioxide sílẹ̀, afẹ́fẹ́ náà á sì há sínú wíìlì bó ti ń dì. Afẹ́fẹ́ tí wọn kò fà tán náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ihò yìí kì í hàn lóde. Ìgbà tí wíìlì bá jẹ dé ibẹ̀ ni ègé kan á já. Tí ẹ bá wo ojú ibi tó já tí ẹ sì rí ihò kékeré tó yípo, tí inú rẹ̀ ń dán, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Tí ibi tó já bá gbẹ gbágbágbá láìsí ihò, tó sì jẹ́ etí mímú nìkan ló já, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ igun òkúta ló bù ú.

Pípò tí kò péye le láti rí ju ihò lọ. Bí oògùn tó ń mú un dì bá kéré tàbí pọ̀ jù, líle rẹ̀ lè má yí padà tó ohun tí dùrómítà máa mú jáde, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ láti má ya àti láti padà sípò lẹ́yìn tí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́ á ti yí padà. Ìdí nìyí tí 99A ti ilé iṣẹ́ kan fi ń já létí nígbà tí 99A ti òmíràn ń pẹ́. Bí wọn kò bá pò ó kárí, ó máa dà bí àmàlà tó ní kókó: apá kan á le, apá kan á rọ̀, wíìlì kan náà á sì máa jẹ níbì kan ju ibòmíràn lọ. Èyí tí wọ́n yọ nínú ààrò láìpé àkókò á kọ́kọ́ dára lójú, á sì máa já bí búrẹ́dì lẹ́yìn ìlò díẹ̀. Ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ ẹni tó rà á ni ìfiwéra. Ẹ yọ bẹ́ríǹ kúrò, ẹ ju mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì láti ibi gíga kan náà, ẹ gbọ́ ohùn wọn, ẹ sì wo bí wọ́n ṣe ta sókè tó. Àwọn tó wá láti inú àdàpọ̀ kan náà yẹ kó jọra. Ẹ gbé wọn sórí ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn góòlù: bí ìdábùú àti ìbú wọn bá dọ́gba nígbà tí ẹ fi kálípà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ìdábùú, wọ̀n wọ́n, tí ọ̀kan sì fi gíráàmù méjì tàbí mẹ́ta fúyẹ́, ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Wíìlì tí ìmọ́lẹ̀ lè là kọjá rọrùn jù, tọ́ọ̀ṣì á fi ihò náà hàn.

Ilé bẹ́ríǹ

Bí mo bá ní kí ẹ yẹ ohun kan ṣoṣo wò lára wíìlì tuntun, ilé bẹ́ríǹ ni. Bẹ́ríǹ skateboard, tí wọ́n ń pè ní 608, fẹ̀ ní 22 mm lóde, ihò àárín rẹ̀ jẹ́ 8, nínípọn rẹ̀ jẹ́ 7. Ilé tó máa wọ̀ gbọ́dọ̀ há díẹ̀ ju 22 lọ kí urethane lè dì í mú. Bí bẹ́ríǹ bá bọ́ sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ tẹ̀ ẹ́, ilé náà ti gbòòrò jù. Bẹ́ríǹ á máa yí nínú urethane, á sì máa fá a gbòòrò sí i. Bó bá há jù, urethane á fún òrùka òde pọ̀, àwọn ọmọ bẹ́ríǹ inú rẹ̀ á há, wíìlì kò sì ní yí pẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ á lọ ra bẹ́ríǹ olówó ńlá.

Jíjìn ilé méjèèjì náà ní wàhálà tirẹ̀. Láàárín bẹ́ríǹ méjì, sípésà 10 mm ló wà, páìpù irin kékeré tó ń jẹ́ kí òrùka inú wọn jìnnà síra bó ti yẹ. Ìjókòó tí ilé iṣẹ́ gé sínú urethane fún òrùka òde náà gbọ́dọ̀ jìnnà síra ní 10 mm. Tí ìjókòó yẹn bá jẹ́ 10.5 tí sípésà sì jẹ́ 10, bí ẹ bá ti fún nọ́ọ̀tì le, òrùka inú á sún wọlé nígbà tí òrùka òde kò lè tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ bẹ́ríǹ á máa jẹ ẹ̀gbẹ́, wíìlì á dúró. Tí ìjókòó bá jẹ́ 9.5, bẹ́ríǹ kò ní wọlé tán, wíìlì á máa yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ẹ mú sípésà láti inú wíìlì tó ń yí dáadáa, ẹ fi sínú èyí tó ń há, ẹ fún nọ́ọ̀tì bákan náà. Bí ó bá ṣì há pẹ̀lú sípésà àti bẹ́ríǹ tuntun, wíìlì ló ní àbùkù. Ẹ má ṣàtúnṣe rẹ̀ nípa títú nọ́ọ̀tì sílẹ̀ títí lọ, nítorí nọ́ọ̀tì tó tú lè já bọ́ lórí eré.

Yíyípo tún wà níbẹ̀. Nígbà tí léètì bá ń gé ojú wíìlì, ilé bẹ́ríǹ ni wọ́n fi máa ń dì í mú. Bí wọ́n bá gbé e sórí ọ̀pá léètì níkèé, tàbí tí wọ́n gé e nígbà tó ṣì gbóná tó sì rọ̀, àárín ilé bẹ́ríǹ àti àárín ojú tó ń kanlẹ̀ kò ní jẹ́ ọ̀kan náà. Wíìlì 52 mm máa ń rìn bíi 163 mm ní ìyípo kan, nítorí náà bí ẹ bá ń sáré 18 kìlómítà ní wákàtí kan, á yí bí ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kíkúrò lójú òpó kékeré kan á di ìgbọ̀nrìrì tó ń gun ẹsẹ̀ títí dé orúnkún.

Bí ẹ ṣe máa mú un nìyí. Ẹ yí bọ́ọ̀dù dojú dé, ẹ fi téèpù lẹ igi ìṣáná mọ́ ara trọ́ọ̀kì kí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú wíìlì, kí àyè àárín wọn má ju nínípọn páálí kan lọ. Ẹ wá fi ọwọ́ yí wíìlì díẹ̀díẹ̀, ẹ tẹjú mọ́ àyè náà. Bó bá ń ṣí tó ń pa, wíìlì náà kò yípo dé àárín. Ẹ gbé ìṣáná lọ sí ẹ̀gbẹ́ kí ẹ tún wò bóyá ó ń yẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má tíì ṣe ìdájọ́ o: ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e sórí ọ̀pá trọ́ọ̀kì mìíràn pẹ̀lú bẹ́ríǹ mìíràn. Bí àṣìṣe náà bá tẹ̀lé wíìlì, ó dájú. Bó bá dúró níbi tó wà, ọ̀pá trọ́ọ̀kì ló ti tẹ̀ tàbí bẹ́ríǹ ló ti kú.

Wíìlì rírọ̀ ńlá sábà máa ń ní ike líle láàárín, tí bẹ́ríǹ ń wọ̀. Ibi tí ike yẹn ti pàdé urethane ni kí ẹ máa wò. Bí wọn kò bá nu ike náà mọ́ tàbí tí ọ̀rinrin wà lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n da urethane lé e, wọn kò ní so. Ìlà tín-ín-rín kan á là yí ike náà ká, ẹ ó sì lè fi àtàǹpàkò mi ín. Wíìlì tó bá ti dé ibẹ̀, ẹ má gùn ún mọ́ rárá, pàápàá lórí òkè.

Ohun tí kì í ṣe àbùkù

Wíìlì funfun tó ń pọ́n bí ìyẹ̀yè, oòrùn ló ṣe é. Ọ̀pọ̀ urethane máa ń yí àwọ̀ nínú oòrùn, kò sì dín ìlò rẹ̀ kù. Àwòrán tó fá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò sọ nǹkan kan.

Ibi pẹlẹbẹ lójú wíìlì, tó ń ṣe gbọ̀n-gbọ̀n-gbọ̀n bí ẹ ti ń lọ, ni èyí tí ìjà pọ̀ lé jù. Ohun tó ń fà á ni pé wíìlì dúró láìyí nígbà tí bọ́ọ̀dù ń yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́; ojú kan ṣoṣo ló gba gbogbo ìfaragbá àti gbogbo ooru. Urethane tó dára máa ń fara dà á pẹ́ ju ike lọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò lè ṣẹlẹ̀ sí bí ẹ bá yí bọ́ọ̀dù gédégédé lórí ọ̀dà tí ojú rẹ̀ kò dán kí ẹ sì fi gbogbo ìwọ̀n yín tẹ̀ ẹ́. Bí wíìlì kan nínú mẹ́rin bá pẹlẹbẹ, ẹsẹ̀ tàbí bẹ́ríǹ tó há ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pẹlẹbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní lórí ilẹ̀ tó ń dán, ilé iṣẹ́ ní ìbéèrè láti dáhùn.

Wíìlì tó jẹ níkèé, ẹ̀gbẹ́ kan tín-ín-rín ẹ̀gbẹ́ kan ga, ọ̀nà tí ẹ ń gbà yà ló fà á. Ẹ máa pààrọ̀ wọn lọ́nà àgbélébùú: tiwájú òsì lọ sí ẹ̀yìn ọ̀tún, tiwájú ọ̀tún lọ sí ẹ̀yìn òsì. Bí ìrísí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wíìlì bá dọ́gba, ẹ yí inú síta pẹ̀lú.

Gbogbo àyẹ̀wò tó wà lókè yìí, ìwọ̀n, kálípà, bẹ́ríǹ, ìṣáná, ẹ ṣe wọ́n kí wíìlì tó kanlẹ̀ rárá, kí ẹ sì ya fọ́tò wọn pẹ̀lú ìdì tí wọ́n wá nínú rẹ̀. Bí ìdábùú wọn bá fi ìdajì mílímítà yàtọ̀ síra láàárín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ dá wọn padà lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn tí ojú wọn bá ti fá lórí títì, kò sí bí ẹni tó tà á ṣe máa mọ èyí tó bá yín délé àti èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe.